Òwú Tó Gbé Ohùn Wọ Ọjà'ba

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n gbé àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì wọ agboolé wa nítòsí Ọjà'ba. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé rédíò tòde òní ni mò ń wí o. Kò lo bátìrì rárá. Wáyà ló ń gbé ohùn wá láti orí òpó dé ara ògiri.

Ọmọ Bàbá Télọ̀, aládùúgbò wa, wà lára àwọn tó ń fa wáyà náà láti òpó dé òpó. Ilé-iṣẹ́ wọn fẹ́ rán an lọ sókè òkun láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ fẹ́ kó jogún máṣíìnì ìránṣọ. Níkẹyìn, bàbá ní bí àpótí náà bá lè kéde oṣù ìtúnu ààwẹ̀ kí ìròyìn tó ti mọ́ṣáláṣí dé, òun á yọ̀ǹda rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí à ń retí oṣù dé, ìkùukùu sì bo ojú ọ̀run. Gbogbo wa rọ̀gbà yí àpótí ká. Lójijì, àpótí dákẹ́.

Ìyá àgbà kan ní, "Ẹnjiníà, bá wa bẹ àpótí rẹ. Àbí òun náà ń gbààwẹ̀ ni?"

Ọmọkùnrin náà tọ wáyà lọ sẹ́yìnkùlé, àwa ọmọdé sì rọ́ tẹ̀lé e. Ẹ wá wo nǹkan! Agbádá tí Bàbá Télọ̀ fẹ́ wọ̀ lọ sí yídì ló fọ̀, tó sá sórí wáyà bí ẹni sá a sórí okùn. Aṣọ tútù wúwo, ó ti fa wáyà já. Ọmọkùnrin náà kò bínú. Ó gun àkàbà, ó so wáyà pọ̀, ó sì ká agbádá lọ́wọ́ wọlé.

"Bàbá, ẹ gba agbádá yín. Kò tíì gbẹ."

Bí Bàbá ṣe ń gba agbádá náà ni àpótí ké: wọ́n ti rí oṣù, ọ̀la lọdún! A fò sókè, ariwo ayọ̀ gba agboolé kan. Ẹni tí mọ́ṣáláṣí rán kò tíì dé rárá. Bàbá Télọ̀ wo agbádá, ó wo wáyà.

"Òwú tìrẹ gùn ju tèmi lọ," ó ní. "Lọ máa rán an."

Agbádá yẹn gan-an ni ọmọ náà wọ̀ wọkọ̀ ojú omi. Ó di ẹnjiníà, ó padà wálé. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn, ó wà lára àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ rẹ̀, títí ó fi di ọ̀gá wọn.

Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ yín, kò sí òwú, kò sí òpó, olúkúlùkù ń dá gbọ́ tirẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: lọ́jọ́ tí ọmọ yín bá mú iṣẹ́ tí ẹ kò mọ̀ wálé, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ẹ̀yin kọ́ lẹ sá agbádá sórí wáyà rẹ̀.