Ìyá Tó Ná Ìbupá Bí Ẹní Ná Ẹja

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ Mùlíkátù ẹlẹ́ja ní Ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ tó ná ìbupá ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ. Ọdún 1955 ni, ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ gbígbóná, ìyẹn ṣọ̀pọ̀ná, ń jà lágbègbè. Sàlàkọ́, ọ̀dọ́ wolé-wolé tí wọ́n rán wá láti Ìkòròdú, to àwọn ọmọ sórí ìlà nílé ìwé láti bupá wọn. Mùlíkátù wọlé, ó fa Sèlíátù, ọmọ-ọmọ rẹ̀, yọ.

"Ojú mélòó lo fẹ́ bù lápá ọmọ mi?"

"Mẹ́rin ni, ìyá."

"Ṣé o máa gba ọ̀kan?"

"Ọ̀kan kò gbà, ìyá."

Gbogbo àwọn ìyá tó kó ọmọ wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti lè sọ pé kò gbà, ó ti wọ ọjà Mùlíkátù nìyẹn. Kí Sàlàkọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti sọ ọ́ di méjì.

"Méjì dáa," ìyá ní. "Kọ́kọ́ bu tìẹ ná kí n rí i."

Inú bí Sàlàkọ́. Ó ní àìmọ̀kan ló ń da ìyá láàmú.

"Àìmọ̀kan kẹ̀? Síkírù ọmọ mi, ọmọ ọdún méje ni. Ara rẹ̀ gbóná, irú yín wá gbé e lọ sí àgọ́ inú igbó, wọ́n dáná sun ẹní rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, wọ́n ti sin ín. Wọn ò fi ojú oórì hàn mí. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Nínú èmi àti wọn, ta ni ò mọ̀kan?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń bíni nínú títí dòní. Olóríkunkun ni wọ́n ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ọmọ ló ń bà á, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì í kó bi í.

Sàlàkọ́ ká apá aṣọ kakí rẹ̀ sókè, ó bu ojú méjì sí apá ara rẹ̀. Ìyá na apá Sèlíátù sí i, ó bu ojú méjì fún un, ó wá kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Apá ọmọ máa wú, ara rẹ̀ á gbóná díẹ̀. Mà á wá wò ó lọ́túnla."

"Bí o ò bá wá, mo mọ ọ̀nà Ìkòròdú."

Ó wá. Ilẹ̀ gbígbóná gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá, kò kan Sèlíátù. Láti ìgbà náà, ìyá tí kò bá jẹ́ kí wọ́n bupá ọmọ rẹ̀ kò lè ra ẹja lọ́wọ́ Mùlíkátù. Wolé-wolé kan tó jágbe mọ́ ìyá ọmọ lórí ìlà, ẹja yíyan ló fi lé e dé ìdí ọkọ̀.

Mùlíkátù kú ní 1959. Lọ́jọ́ fìdáù, Sàlàkọ́ wá láti Ìkòròdú. Sèlíátù na apá tó ní ojú méjì sí i.

"Ìyá máa ń sọ pé ẹ fẹ́ rẹ́ òun jẹ, pé mẹ́rin lẹ kọ́kọ́ pè é."

Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Títí tó fi fẹ̀yìn tì, ilé ìwé yòówù kó dé, kì í tíì ṣí àpò ìbupá rẹ̀ tí yóò fi jókòó láàárín àwọn ìyá, tí yóò ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ẹ̀yin ìyá, kí ló ń bà yín lẹ́rù?"

Á wá tẹ́tí sí wọn.