Omi Kíkan Tí Wọ́n Fi Wò Wá

Nọ́ọ̀sì náà ń bá mi sọ̀rọ̀ iye tí ẹ̀gẹ́ gbówó lórí, títí ó fi tan tọ́ọ̀ṣì wò mí nísàlẹ̀. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀, ó ní, "Ẹ wá bá mi wo ibí yìí." Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ń wo páànù òrùlé ilé ìtọ́jú wa ní Lálúpọn.

"Màmá, ó funfun," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ó funfun káàkiri."

Kí n tó gun bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo ti mọ ìtumọ̀ funfun. Wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo wa: wọ́n á fi òwú tí wọ́n rì bọ omi kíkan kan nu ẹnu ilé ọmọ, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á sì fi ojú wò ó. Ibi tó bá dára kò ní yí padà. Ibi tí jẹjẹrẹ bá fẹ́ gbà wọlé á funfun.

Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló pa àbúrò ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà. Nígbà tirẹ̀, Ìbàdàn nìkan la mọ̀ pé wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Wọ́n á ha ibẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi ohun tí wọ́n ha ra gíláàsì pẹlẹbẹ, gíláàsì á lọ sí láàbù, aláìsàn á sì máa lọ, á máa bọ̀. Kí èsì tirẹ̀ tó jáde, kò lè dìde mọ́. Èmi ni mo máa ń sun èèpo ọsàn nínú yàrá rẹ̀ kí òórùn má baà lé àwọn tó wá kí i.

Nígbà tí wọ́n gbé àyẹ̀wò tuntun náà dé ọ̀dọ̀ wa, tó kù díẹ̀ ká wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun, ẹ̀rù ba àwọn obìnrin. Lábẹ́ àtíbàbà tí a ti ń yan gàrí, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Omi kíkan bíi ti ẹ̀gẹ́ yìí?" ni ẹnì kan wí, ó nawọ́ sí ibi tí omi ti ń kán lábẹ́ àpò ẹ̀gẹ́ tí a fi òkúta tẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti dúdú, koríko kankan kì í hù níbẹ̀.

"Gíláàsì ńkọ́? Láàbù ńkọ́? Ìgbà tó kan àwa ará oko ni wọ́n wá fẹ́ fi ojú lásán wò ó."

"Wọ́n fẹ́ dí ilé ọmọ wa pa ni. Ẹ ò gbọ́ pé ìjọba ní ọmọ mẹ́rin ti tó?"

Nọ́ọ̀sì tó wá pè wá da omi náà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a lójú wa. Ìyáálé mi, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, pàtẹ́wọ́. "Ẹ káre o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì! Ṣé orí ahọ́n ni ilé ọmọ tiyín wà ni?"

A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí kì í ṣe àsìkò rẹ̀, n kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan baba àwọn ọmọ mi.

Ìdí tí mo fi lọ nìyẹn. Àwọn mélòó kan tẹ̀lé mi, ohun tí mo gbọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn gbọ́: ó funfun. Kí oòrùn tó wọ̀, ìròyìn ti dé Erúnmu, ìlú tó múlé tì wá, pé omi náà gan-an ló ń kó jẹjẹrẹ ran àwọn obìnrin. Baba àwọn ọmọ mi kírun tán, ó ní, "O ò gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ mọ́."

"Mo ti gbọ́ yín," ni mo wí.

Mo ń yan gàrí, gàrí ń jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ń wo àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ro ẹni tí yóò máa sun èèpo ọsàn fún mi nínú wọn.

Kò pẹ́, nọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ wá sí àtíbàbà wa. Òun náà ti rù. "Ẹ̀yin ìyá mi, ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi. Ojú kan ni funfun àìsàn máa ń dúró sí, tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ni ẹ ṣe sí ara yín kí ẹ tó wá?"

Ojú ń tì wá. Ìyáálé mi, tí kò tilẹ̀ lọ, ló bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé kí wọ́n gbé ìdọ̀tí wá síwájú yín ni? Álọ́ọ̀mù ni wọ́n fi wẹ̀! Ẹ lọ bèèrè lọ́jà, kò ku ẹyọ kan."

Òótọ́ ni. Ohun tí àwọn àgbà kọ́ wa ni pé obìnrin kì í ṣíra sílẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni láìfi omi álọ́ọ̀mù fọ ojú ara. Èmi tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì káwọ́ lérí. "Álọ́ọ̀mù ti bó yín nínú! Kí ni mo tún fẹ́ rí bí kò ṣe funfun?" Ó ní ká má fọ̀ ọ́ mọ́, ká padà wá lẹ́yìn oṣù kan.

Àwọn kan búra pé àwọn ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́. Èmi jókòó ti baba àwọn ọmọ mi, mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà fún un. Ó ká ẹní ìkírun rẹ̀ nílẹ̀. "Ìyáálé rẹ á bá ọ lọ," ni ó wí.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìyáálé mi dúró níbi orí mi, ó di ọwọ́ mi mú. Funfun káàkiri ti lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ku ojú kan, kò tó èékánná ìka kékeré. "Màmá, eléyìí kì í ṣe álọ́ọ̀mù."

Wọ́n ní kí n lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ha ibẹ̀ sórí gíláàsì, wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n ní kí n lọ dúró de èsì. Ìdúró kan náà tí àbúrò ìyá mi dúró. Ìyáálé mi á gbé ẹ̀kọ síwájú mi: "Jẹun, ìyàwó. Bó o bá kú, ta ni n óò máa bá jà?"

Èsì dé. Dókítà ní kò tíì di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ. Wọ́n fi irin kan tó tutù ju yìnyín lọ pa ojú ibẹ̀. Omi ń dà lábẹ́ mi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà. Dókítà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀, láràárọ̀ ni mo ń gbé aṣọ mi símú, bóyá n óò gbọ́ òórùn tí mo mọ̀ yẹn. Wọ́n ní kí n máa wá fún àyẹ̀wò. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń lọ, mo máa ń sọ fún àkọ́bí mi ibi tí aṣọ àwọn àbúrò rẹ̀ wà.

Àsìkò òjò ni ọjọ́ ìkẹyìn. Dókítà ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, mà. Bí àwọn obìnrin yòókù ṣe ń yẹ ara wọn wò ni kí ẹ máa ṣe. Ẹ máa lọ sílé."

Ìyáálé mi ń dúró níta. "Kí ló wí?"

"Ó ní kí n máa lọ sílé."

"Ilé wo? Ti ọ̀run ni àbí ti Lálúpọn?"

"Ti Lálúpọn ni, mà."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún.

Nígbà tí a délé, àwọn ọmọ ti pọn omi odò, òjò ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Mo wá álọ́ọ̀mù tó ṣẹ́kù lójú fèrèsé, mo jù ú sínú ìkòkò, mo rò ó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, omi ti tòrò, mo sì bu mu.