Òpó Tó Ń Bọ́ Ọ̀dà

Òórùn pákó náà ni mo kọ́kọ́ ń rántí, òórùn oògùn tó ń ta ni nímú. Páìnì ni, irú èyí tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn kí ikán àti òjò má baà rí i gbé ṣe, tí ara rẹ̀ fi ń ní àwọ̀ ewé. Èmi fúnra mi ni mo ṣà á ní ìsọ̀ onípákó kan ní Okota, tí mo gbé e lọ sílé ìyá àgbà kan ní Mafoluku. Ará Èkìtì ni ìyá náà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ sì ti kú láti bí ọdún kan. Fàráńdà onípákó ni bàbá ń fẹ́ níwájú ilé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìyá ní òun á ṣe é fún un.

Mi ò tíì pẹ́ púpọ̀ tí mo dá dúró nídìí iṣẹ́ ọ̀dà nígbà yẹn, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kìlọ̀ pé igi tó mu oògùn kì í yá gbẹ. Ó ní kí n kán omi sí i lára: bí omi bá dúró gbiri lórí rẹ̀, kí n padà sílé, bí igi bá mu ún, kí n wá fọ̀ ọ́, kí n fi pépà oníyanrìn dán an, kí n tó fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn ún. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi ò kán omi kankan, torí iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè mí ní Ìsọlọ̀. Nígbà tí ìyá bi mí bóyá igi ti gbẹ, mo ní, "Ó ti gbẹ, mà. Ẹ fọkàn yín balẹ̀."

Nígbà tí káfíńtà kan fàráńdà náà tán, mo kùn ún ní funfun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo fàráńdà funfun gbòò, àfi òpó apá ọ̀tún. Ọ̀dà ibẹ̀ ti bó, ojú ibẹ̀ sì rí bí àtẹ́lẹwọ́. Mo rò pé ẹnì kan ló fọwọ́ kàn án. Mo ha á, mo tún un kùn. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ó ti padà. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì jókòó tì í nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹnikẹ́ni ò sún mọ́ ọn. Lójú mi kòrókòró ni ọ̀dà ń wú, tí ìka ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: àtàǹpàkò, lẹ́yìn náà mẹ́ta. Ibi tó yẹ kí ọmọńdinrín wà ṣófo.

Ìyá jáde síta, ó wò ó pẹ́.

"Ọwọ́ bàbá nìyẹn," ó wí, ohùn rẹ̀ balẹ̀ bíi ti ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. "Ẹ̀rọ ló gé ọmọńdinrín rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè."

Bàbá ti wà nínú ilẹ̀ kí n tó ra igi yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, igi yẹn ò tíì gbẹ. Mo parọ́ fún yín ni. Omi inú rẹ̀ ló ń ti ọ̀dà jáde."

"Mo mọ̀ pé kò gbẹ. Mo fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ tí o gbé e dé. Ṣé omi ló wá mọ ìka tí ọkọ mi ò ní?"

Ìyá tún yíjú sí òpó náà.

"Bí o bá ṣe é bó ṣe yẹ, ṣé yóò lọ?"

"Yóò lọ, mà."

"Ṣe é bó ṣe yẹ."

Mo ha gbogbo ọ̀dà náà kúrò, a sì dúró títí ọyẹ́ fi dé. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ kán omi síbẹ̀, mo máa ń bá ìyá lórí àga lẹ́bàá òpó yẹn, àga kejì a sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. Lọ́jọ́ kan, igi mu omi. Mo fọ̀ ọ́, mo dán an, mo kùn ún. Àárọ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò: kò sí nǹkankan. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi pe ìyá pé kó wá wò ó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa òpó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "O ṣeun. Iṣẹ́ rẹ dára." Ó gbé àga kan wọlé, ó padà wá gbé ìkejì.

Lónìí, àwọn oníbàárà máa ń yìn mí pé ọ̀dà mi kì í bó. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ̀ títí di òní bóyá ilé ni mo tún ṣe fún ìyá yẹn, tàbí ẹni tó padà wálé ni mo tilẹ̀kùn mọ́ síta.