Ojú-Ìwé Tí Mìsítúrà Kọ̀ Láti Ṣe

Nítòsí Rye Lane, ní Peckham, ni wọ́n bí Mìsítúrà Ọláoyè sí, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé títí di òní. Yorùbá ẹnu rẹ̀ ní ohùn òyìnbó nínú díẹ̀, àmọ́ bí inú bá ń bí i, ohùn òyìnbó yẹn máa ń sá lọ. Iṣẹ́ ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe. Òun ló ń kọ kọ́ọ̀dù tó ń mú kí fóònù dáhùn nígbà téèyàn bá tẹ nǹkan lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Bermondsey ló gbà á síṣẹ́, àwọn tó ni áàpù kan tí àwọn aládùúgbò fi ń kíra wọn, tí wọ́n fi ń fi fọ́tò hanra wọn, tí wọ́n sì fi ń ṣòfófó.

Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ohun tó máa ń sọ ni pé ìkànnì tó dáa kì í jẹ́ kéèyàn rò pé òun gọ̀.

Àbúrò ìyá rẹ̀, Aunty Rahmah, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ló jẹ́ kó rí apá ibòmíì nínú iṣẹ́ náà. Ọkọ wọn, Uncle Gàníyù, ṣaláìsí nígbà òtútù. Wọ́n ti ṣe fídáù tán, àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn ti padà sílé wọn, kí Aunty tó wá sọ́dọ̀ Mìsítúrà lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan. Wọ́n na fóònù sí i.

"Mìsítúrà, wò ó. Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe nǹkan yìí?"

Fọ́tò Uncle Gàníyù ló wà níbẹ̀, tàwọn ti fìlà wọn tó máa ń tẹ̀ sápá kan. Lábẹ́ rẹ̀, áàpù náà kọ ọ́ pé: *Ó ti pẹ́ tí Gàníyù ti sọ̀rọ̀. Ẹ kí i.*

"Ìgbà gbogbo ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," Aunty sọ. "Mo fẹ́ kúrò lórí ẹ̀, mi ò rí ọ̀nà. Mo lọ síwájú, mo lọ sẹ́yìn. Mo ní bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀."

"Kì í ṣe ẹ̀yin, Aunty. Ẹ ò ṣe nǹkan kan."

Òun alára wá ọ̀nà náà káàkiri. Àwọn mìíràn ní ọ́fíìsì ló ṣe apá ibẹ̀, kò sì tíì ní ìdí tó fi máa débẹ̀ rí. Bọ́tìnì tó ní kéèyàn máa lò ó lọ tóbi, ó ń tàn. Èyí tí wọ́n fi ń kúrò kéré, àwọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, Aunty Rahmah gba fóònù wọn, wọ́n fi sínú báàgì láìwò ó.

"Kí Ọlọ́hun forí jìn wọ́n," wọ́n sọ.

Mìsítúrà ò ṣe àmín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Vincent, ọ̀gá wọn, gbé iṣẹ́ tuntun wá. Àwọn èèyàn ti ń fi áàpù náà sílẹ̀. Ó fẹ́ kí Mìsítúrà ṣe ojú-ìwé kan: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kúrò, kí fọ́tò àwọn tó fẹ́ràn jù kọ́kọ́ yọ sí i, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àárò rẹ̀ máa sọ wọ́n. Ẹ̀rọ ni yóò yan fọ́tò náà, á wo ojú ẹni tí onítọ̀hún ń lọ wò jù.

Mìsítúrà ronú kan Aunty Rahmah. Ta ni wọ́n ń lọ wò jù láti ìgbà òtútù?

"Mi ò ní ṣe é," ó sọ.

Vincent rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èèyàn burúkú. "Kí ló burú nínú kéèyàn rántí ẹni tó fẹ́ràn?"

"Ìrántí ò burú. Ẹ fẹ́ fi dí èèyàn lọ́nà ni."

"Ojú-ìwé kan péré ni, Mìsítúrà."

"Ẹ wá ẹlòmíì tó máa ṣe ojú-ìwé kan péré náà."

Vincent gbé e fún Jabez, ẹni tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mìsítúrà. Jabez ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò lè kọ iṣẹ́, Mìsítúrà ò sì bá a jà. Nírọ̀lẹ́, nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí New Cross, ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Tẹniọlá, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan.

"Babe, tó ò bá ṣe é, ẹlòmíì á ṣe é," Tẹniọlá sọ. "Kí lo wá jèrè?"

"Kí ẹlòmíì ṣe é. Ọwọ́ tèmi ò ní sí níbẹ̀."

"Wọ́n á ní olóríkunkun ni ẹ́."

"Wọn ò purọ́."

Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé láti wo ohun tí Jabez ṣe, Mìsítúrà dìde. Kò pariwo. Ó béèrè ẹni tí fọ́tò olóògbé rẹ̀ wà lórí áàpù náà nínú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni Bethany, ẹni tó ya bí ojú-ìwé náà ṣe máa rí, sọ pé ti ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin wà níbẹ̀.

"Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ kúrò," Mìsítúrà sọ, "ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi ojú ẹ̀gbọ́n rẹ fà ẹ́ padà?"

Bethany wo ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Ó mi orí.

Lọ́jọ́ kejì, Vincent pe Mìsítúrà tẹ̀rín-tẹ̀rín. Wọ́n ti yọ gbogbo fọ́tò náà kúrò lójú-ìwé tuntun yẹn. "Ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn báyìí?"

"Bọ́tìnì ńkọ́?"

"Bọ́tìnì wo?"

"Èyí tí wọ́n fi ń kúrò, tẹ́ ẹ fi pamọ́. Ẹ jẹ́ kó tóbi bí èkejì."

Vincent ní ìyẹn ò ṣeé ṣe. Ó ní wọ́n ti gbọ́ tirẹ̀, kó wá máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, kó jẹ́ kí àwọn yòókù máa ṣe tiwọn. Mìsítúrà ní òun náà ti gbọ́, òun fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó mú ife tíì rẹ̀, ó bọ Jabez lọ́wọ́, ó sì bọ́ síta. Ẹ̀rù bà á lójú ọ̀nà, kò sì fi ìyẹn pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ̀ bínú gan-an. "Ṣé oríkunkun lo máa sè jẹ?"

"Mummy, iṣẹ́ tí mo lè ṣàlàyé fún Aunty Rahmah láìdorí kodò ni mo fẹ́."

Nígbà tó yá, ó rí iṣẹ́ ní Deptford, ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe ìkànnì fún àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù. Áàpù ti Bermondsey ò kú. Àwọn èèyàn ṣì ń lò ó, bọ́tìnì yẹn sì ṣì kéré. Ó ń dùn ún, àmọ́ kò kábàámọ̀.

Lọ́jọ́ Saturday kan, ó ṣe ìkànnì fún ẹgbẹ́ àsáláátù tí ìyá rẹ̀ àti Aunty Rahmah wà: ìròyìn ìkómọ, ìgbéyàwó, aláìsàn tó yẹ kí wọ́n lọ kí. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ka iye ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì kà á débi tó parí, ohun tó máa bá níbẹ̀ ni: *Ó tán. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.*

Àbúrò rẹ̀, Roqeeb, bú sẹ́rìn-ín. "Sis, ṣé ò ń lé wọn ni? Wọn ò ní dúró now."

"Mi ò ní kí wọ́n dúró. Kí wọ́n lọ kí aláìsàn."

Alága ẹgbẹ́, Alhaja Ọládiméjì, ni kò tíì gbà. Wọ́n fẹ́ kí iye èèyàn tó ń wọlé hàn lókè ìkànnì, kí ẹgbẹ́ mọ́sáláṣí kejì lè rí i. Níbi tí wọ́n ti ń bu ìrẹsì sínú abọ́ ní kíṣìnì mọ́sáláṣí, wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde.

"Nọ́ńbà kékeré ni, ọmọ mi. Ní igun."

"Rárá, Alhaja."

"Ṣáà fi síbẹ̀ títí dìgbà Iléyá."

"Ẹ fún mi ní ṣíbí yẹn, kí n bá yín bù ú. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi síbẹ̀."

Alhaja fún un ní ṣíbí. "Wàá fi síbẹ̀," wọ́n sọ.

Mìsítúrà fa ìkòkò ìrẹsì sún mọ́ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú.