Iná Ẹ̀yìn Àká

Títí di òní olónìí, bí èéfín koríko bẹẹrẹ bá ti kàn mí nímú, inú á ti bí mi kí n tó rántí ohun tó ń bí mi nínú. Ọmọ mi obìnrin tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ṣakí ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí àwọn ará ẹ̀yìn ìlú bá finá sí pápá, yóò yára pa fèrèsé dé, yóò ní, "Màámi, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ o." N kò ní bẹ̀rẹ̀. Màá kàn jókòó, ọkàn mi á sì máa bá àwọn tó ti kú jà.

Ọdún kejì tí ìjọba ní kí mọ́tò fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ni wọ́n gbé mi níyàwó láti Ìsẹ́yìn lọ sí oko kan lójú ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ilé ahunṣọ ni wọ́n ti bí mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ran òwú, mo mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ láró, ṣùgbọ́n n kò mọ ewé ẹ̀pà yàtọ̀ sí koríko. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, wọ́n ní kí n ro oko ẹ̀pà. Mo ro ebè mẹ́ta mọ́ tónítóní, àtẹ̀pà àti koríko, mo sì ń kọrin sí i. Ìyá ọkọ mi dé ibẹ̀, ó wò mí títí, ó ní, "Ìyàwó, o kú iṣẹ́ o. Ohun tí à bá jẹ lọ́dún yìí lo ro dànù yẹn." Láti ọjọ́ náà ló ti mú mi kúrò nídìí ọkọ́, ó ní kí n lọ máa mójú tó àká.

Àká náà ga ju mí lọ. Wọ́n gbé e lé orí òkúta ńláńlá, amọ̀ ni ara rẹ̀, bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, wọ́n sì máa ń ro ìdí rẹ̀ mọ́ nítorí iná. Inú rẹ̀ ni àgbàdo tí a óò gbìn bí òjò bá dé wà, pẹ̀lú ọkà bàbà àti ẹ̀pà. Eku ni ọ̀tá wa níbẹ̀. Eku ò tilẹ̀ ní ṣe ọ́ lóore kó jẹ hóró àgbàdo tán. Ojú ibi tí yóò ti hù ló máa ń gé jẹ, yóò fi ìyókù sílẹ̀ fún ọ, o ò ní mọ̀ pé òfo lo gbìn àfi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ológbò tí mo bá nídìí àká kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Abo aláwọ̀ eérú ni, etí rẹ̀ kan ti gé. Kì í wọlé, kì í jẹ́ kí ọwọ́ kan òun. Bí o bá sún mọ́ ọn jù, yóò ya ẹnu, yóò fi eyín hàn ọ́, yóò sì pòórá sínú koríko. Èmi ọmọ ìlú, mo rò pé ológbò ni mo mọ̀. Mo ń sáré tẹ̀ lé e, mo ń pè é ní púùsì, púùsì, mo ń na ẹran sí i bí ẹni ń bẹ ọmọ tó ń sunkún. Ó lé lóṣù kan tí n kò rí ju ìrù rẹ̀ lọ.

Baba ọkọ mi ló kọ́ mi. Àgbàlagbà tí kì í fi ìrun kan sílẹ̀ ni. Bí ológbò yẹn bá mu nínú búútà omi àlùwàlá rẹ̀, kì í lé e, kì í da omi náà nù. Yóò fi ìyókù ṣe àlùwàlá, yóò ní àfáà ti kọ́ àwọn pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, àti pé ẹni tó bá fìyà jẹ ẹ́ ní ẹjọ́ láti rò níwájú Ọlọ́run. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ìyàwó, má pè é, má sì lé e. Gbé oúnjẹ rẹ̀ síbì kan náà lójoojúmọ́, kí o sì kọ ẹ̀yìn sí i. Má fún un yó, ológbò tó bá yó ò mọ eku lọ́tàá. Má sì fọwọ́ kàn án. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀, mo ń fọ́ ẹ̀kọ mọ́ orí ẹja gbígbẹ sórí òkúta pẹlẹbẹ kan lẹ́bàá àká. Obìnrin Fúlàní tó ń kiri wàrà kọjá máa ń da ìsàlẹ̀ igbá rẹ̀ síbẹ̀ fún mi, á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Màá gbé e kalẹ̀, màá kọ ẹ̀yìn sí i, màá máa ṣa àgbàdo. Díẹ̀díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí ahọ́n rẹ̀ ṣe ń lá òkúta náà lẹ́yìn mi. Nígbà tó yá, ó ń jẹun níṣojú mi. Inú mi dùn débi pé mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà. Eku dín kù nínú àká. Ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Ológbò. Ẹ̀fẹ̀ ni, ó sì ní ẹ̀gún nínú, nítorí n kò tíì lóyún nígbà náà. Ṣùgbọ́n mo gbà á bí ẹni gba oyè.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó bímọ mẹ́rin sáàárín òkúta ìdí àká. Mẹ́ta fi àwọ̀ jọ ìyá wọn, ọ̀kan dúdú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú kan funfun. Baba ọkọ mi ní àwọn ọmọ yẹn ni yóò ṣọ́ àká fún ọmọ tí èmi náà yóò bí. N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Iléyá bọ́ sí àsìkò náà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta wá kí mi láti Ìsẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ tó ń dán àti lọ́fíńdà. Mo rí i pé wọ́n ń fi àánú wo ẹsẹ̀ mi tó ti sán. Ó dùn mí. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo ti mọ ohun tí wọn ò mọ̀. Mo dúró títí ìyá ológbò fi ṣọdẹ lọ, mo kúnlẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ àárín òkúta, mo gbé èyí tó dúdú jáde. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń fi gèlè wé e, wọ́n ń ké bí ẹni rí ìbejì. Baba ọkọ mi ń bọ̀ láti yídì, ó dúró, ó wo ọwọ́ mi. Ohun tó sọ kò ju "Ìyàwó, o fọwọ́ kàn án" lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyá ológbò ń fi ẹnu gbé wọn lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn wọnú bẹẹrẹ tó ga lẹ́yìn àká. Mo dúró, mo ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò wo apá ibi tí mo wà.

Ní ọ̀dàn tiwa, bí koríko bá gbẹ, àwọn ọkùnrin á finá yí pápá ká, wọ́n á dúró pẹ̀lú kóńdó àti ajá de ẹmọ́, òkété àti ehoro tí iná bá lé jáde. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn, bàbá wọn ló bá a nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ finá sí ẹ̀yìn àká títí wọn yóò fi gé bẹẹrẹ ibẹ̀ tán fún òrùlé. Ẹni tó ń ṣáájú ọdẹ náà lọ́dún yẹn ni àbúrò ọkọ mi. Mo fi bí ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ìyàwó bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni. Nítorí náà mo kúnlẹ̀ fún un, mo ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ológbò wà lẹ́yìn àká. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta, èmi fúnra mi yóò gé bẹẹrẹ náà, ìyá wọn á kó wọn kúrò."

Ó ń họ etí. Ó ní, "Dìde, ìyàwó. Ẹ̀yìn àká ò sí nínú ohun tí a fẹ́ sun." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, mò ń bọ̀ láti odò, omi wà lórí mi, mo rí èéfín níbi tí kò yẹ kí èéfín wà. Ehoro kan ló sá wọ bẹẹrẹ ẹ̀yìn àká. Ehoro kan ṣoṣo. Ọkùnrin náà kò lè dúró, ó ṣáná sí i. Mo sọ omi kalẹ̀, mo sáré, ooru náà tì mí padà. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ajá ń gbó. Ìyá ológbò já jáde nínú èéfín pẹ̀lú ọmọ kan lẹ́nu, èyí tó dúdú. Kò gbé e lọ síbòmíràn. Orí òkúta tí mo ti ń fún un lóúnjẹ ló gbé e kalẹ̀ sí, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó yí padà, ó tún wọnú iná.

Ó jáde lápá kejì lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́. Kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti jó tán, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ méjì nílẹ̀. Ẹnìkan nínú wọn kígbe pé, "Ẹ wò ó, ó ti di súyà!" Mo ṣì mọ ohùn ẹni náà.

Wọ́n kó ẹran dé: ẹmọ́ mẹ́fà, òkété méjì, pẹ̀lú ehoro náà. Àbúrò ọkọ mi jù wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní kí n gbé omi kaná. Mo bu omi kún igbá, mo dà á sí ààrò, iná kú fíì, eérú gba gbogbo ibẹ̀. Mo ní, "Ẹ ti dáná tiyín lónìí. N kò ní dá tèmi."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé ọkọ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, gbogbo ilé ti pé jọ. Ìyá ọkọ mi káwọ́ lérí, ó ní òun ò rí irú èyí rí, kí ìyàwó torí ẹranko pa iná ààrò. Ọkọ tó fẹ́ mi gan-an wà níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Mo kọjú sí baba ọkọ mi, nítorí mo mọ̀ pé òun yóò sọ ọ́. Búútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo dúró de ọ̀rọ̀ ẹjọ́ iwájú Ọlọ́run tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde.

Ó la ẹnu, ó ní, "Ìyàwó, ìbínú kò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Ológbò kì í ṣe ènìyàn. Kúnlẹ̀, kí o bẹ ọkọ rẹ." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kórìíra òwe yẹn. Mo ti kíyè sí i pé ẹni tí ìyà kò jẹ ló máa ń rántí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ má bínú." Ó ní òun ti dárí jì mí. Mo tún iná dá, mo se ẹran náà, wọ́n jẹ ẹ́.

Ọmọ dúdú yẹn yè. Wàrà ni mo fi wò ó. Ó ń tẹ̀lé mi kiri bí òròmọdìẹ, orí ẹsẹ̀ mi ló ń sùn, kò sì sí ọwọ́ tó ń sá fún. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti sá lọ, kò kọ́ ọ ní ọdẹ. Eku á gba iwájú rẹ̀ kọjá, yóò wò ó bí àlejò. Àwọn àgbà ní bí ológìnní bá re àjò, ilé á di ilé èkúté. Tiwa kò re àjò, a finá lé e ni. Nígbà tí òjò dé, a gbin àgbàdo. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó di mẹ́ta, ilẹ̀ ń wò wá, àwa náà ń wo ilẹ̀. Ìyá ọkọ mi lọ tọrọ irúgbìn lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Tẹ̀dé, ojú tì í débi pé kò pè mí ní Ìyá Ológbò mọ́. Àbúrò ọkọ mi wá bá mi nídìí àká, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, níbo la ti lè rí irú ológbò ọjọ́sí?"

Mo ní, "Ọkọ mi, a kì í rí i. Òun ló ń rí ni."

Ìyá ológbò padà wá lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí koríko tuntun ti ń yọ lójú eérú. Ẹ̀yìn rẹ̀ pá, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Mo sáré gbé oúnjẹ sórí òkúta, mo kọ ẹ̀yìn sí i bí wọ́n ti kọ́ mi, mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Nígbà tí mo yíjú padà, kò sí níbẹ̀, oúnjẹ náà sì wà bí mo ṣe gbé e kalẹ̀.

Gbogbo wọn ti kú tán báyìí, ọkọ mi, bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, àti ẹni tó ṣáná. Mo bá wọn sunkún bó ṣe yẹ, n kò sì dárí ji ẹnìkan nínú wọn. Ọmọ mi rò pé àwọn nìkan ni mò ń bá jà bó bá ti ń pa fèrèsé dé. Mo ti sọ ìtàn ehoro náà fún un, mo ti sọ ti ààrò, mo ti sọ ti búútà. N kò tíì sọ ti Iléyá fún un rí, pé ìdí àká ni àwọn ọmọ yẹn wà, níbi tí iná kò dé, kí n tó ti ọwọ́ bọ ibẹ̀.