Ilé Ìyá Àgbà Nínú Kọ̀ǹpútà Mi

Ìyá àgbà kúnlẹ̀ sórí pákó ilé, wọ́n ti apá ọ̀tún bọ àlàfo tó wà láàárín pákó méjì, wọ́n sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òpó tó gbé ilé wa dúró nínú omi. Wọ́n di ojú. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Èéfín ẹ̀gbà, igi inú omi iyọ̀ tí wọ́n fi yan ẹja lánàá, ṣì wà lára aṣọ wọn, ó ń ta mí nímú níbi tí mo jókòó sí. Mo mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Nísàlẹ̀ wa, omi ń lu òpó: pọ̀, á dákẹ́, pọ̀, á tún dákẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà, lórí àfárá pákó tó so ilé wa mọ́ ti àwọn aládùúgbò, àwọn apẹja mélòó kan dúró pẹ̀lú àwọ̀n léjìká, wọ́n ń retí ohun tí obìnrin àgbà yìí máa sọ.

"Òkun ń mí dáadáa," ni Ìyá àgbà wí. "Ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó dé àtàrí, kí ẹ ti padà."

Wọ́n á dúpẹ́, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ á dún, òórùn epo á gba ojú omi kan, ọjọ́ wa á sì bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tó fi Ìyá àgbà jẹ oyè kankan nítorí èyí. Ẹja ni wọ́n ń yan, edé ni wọ́n ń sá sórí ẹní. Ṣùgbọ́n etí òkun yẹn ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n dàgbà sí. Bí atẹ́gùn bá gbé òórùn ẹrẹ̀ wá láti ẹ̀yìn abúlé, wọ́n á ní òjò kò ní rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí àwọn ẹyẹ etí òkun bá ń fò gba inú igbó ẹ̀gbà lọ, wọ́n á ní ká sáré kó edé wọlé, a kò sì ní tíì kó o tán tí ọ̀wààrà á fi dé. Èmi a máa tẹ̀ lé wọn kiri pẹ̀lú ìbéèrè.

"Ìyá, ta ló ń fi ọ̀nà ibí han òjò?"

"Bó bá dé, kí o bi í."

Wọ́n á bu púpurú gbígbóná fún mi kí ẹnu mi lè dákẹ́.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọjọ́ náà dé. Àbúrò ìyá mi, ọmọ ìkẹyìn Ìyá àgbà, ń lọ sójú òkun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò tíì pẹ́ tó gbéyàwó, oyún sì ti hàn lára ìyàwó rẹ̀. Ó dúró, ó ń jẹ púpurú àná, ó ń retí. Ìyá àgbà pẹ́ lórí òpó náà ju bí wọ́n ṣe máa ń pẹ́ lọ. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, atẹ́gùn kò fẹ́.

"Ẹ máa lọ," ni wọ́n wí.

"Ìyá, ẹ wá igi sílẹ̀ o," ni àbúrò ìyá mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹja tí ẹ máa yan lónìí, apá yín á ro yín."

Lọ́sàn-án, à ń yí ẹja padà lórí ààrò, kò sí ìkùukùu kankan lókè, ewé kan kò mì. Mo wolẹ̀, mo rí i nínú àlàfo pákó pé omi ti sún mọ́ ẹsẹ̀ wa. Kí n tó lanu, ìgbì dé. Ilé mì jìgìjìgì, ààrò dojú dé, iná ṣe ṣìì, ó kú. Ìyá àgbà kò wo ẹja tó ń léfòó lọ. Wọ́n sáré lọ sí ìparí àfárá, wọ́n ń wo òkun, ẹnu wọn ń mì, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọkọ̀ méjì ló jáde láàárọ̀ yẹn. Ọ̀kan padà. Wọ́n wá èkejì títí dé ìlú Abẹ́rẹ́kẹ́ àti kọjá ibẹ̀, pákó imú ọkọ̀ nìkan ni wọ́n rí.

Nígbà tí wíwá tán, ìyàwó àbúrò ìyá mi wá dúró níwájú Ìyá àgbà. Kò pariwo. "Ìyá," ó wí, "ẹ ní kó máa lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyá àgbà dáhùn. "Èmi ni mo ní kó máa lọ."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá ìṣó àti òòlù, wọ́n kan pákó bo àlàfo náà. Àwọn apẹja ṣì wá fún ọjọ́ mélòó kan. "Ẹ lọ bi ẹni tó bá mọ̀," ni ìdáhùn tí wọ́n ń gbà. Nígbà tó yá, wọn kò wá mọ́.

Ìyẹn ló gbé mi dé ìdí ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́. Ní yunifásítì ni mo ti kà á pé ìjì tó ń jà láàárín agbami, níbi tó jìnnà réré sí wa, lè ti ìgbì lọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan títí á fi dé etí òkun tí ewé kankan kò ti mì. Mo pa ìwé náà dé. Nígbà ìsinmi, mo sáré lọ sílé lọ sọ fún Ìyá àgbà pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn, pé kò sí ọwọ́ tó lè gbọ́ ìjì yẹn lára òpó.

Wọ́n ń ṣa edé, wọn kò dáwọ́ dúró. "Ṣé ìwé yẹn ti wà nígbà náà?"

"Ó ti wà, Ìyá."

"Àwọn tó kà á, kí ló dé tí wọn kò sọ fún wa?"

Mo jókòó tì wọ́n, mo bá wọn ṣa edé.

Ojú ọjọ́ ìlú ńlá ni iṣẹ́ mi báyìí: ìdí tí ooru fi ń mú níbi tí páànù àti kọnkéré pọ̀ sí ju ibi tí igi wà lọ, àti àdúgbò tí àgbàrá máa ya wọ̀. A máa ń pín ilẹ̀ sí ègé kéékèèké onígun mẹ́rin, tí à ń pè ní igun, nínú kọ̀ǹpútà, a ó sọ fún un pé ilé ni èyí, igbó ni tọ̀hún, omi ni ìyẹn, á wá ṣírò bí atẹ́gùn, ooru àti òjò á ṣe rí lórí wọn. Lọ́dún kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sílé. Òkun ti lé ilé wa sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì nígbà náà. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ a-b-d wà nínú omi dé ojú fèrèsé. Ojú Ìyá àgbà ti ń ṣe bàìbàì.

"Fi ilé wa hàn mí nínú ẹ̀rọ rẹ," ni wọ́n wí.

Mo wá a. Igun tí abúlé wa wà, aláwọ̀ aró ni. Omi. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo wá fi ìka sórí igun kan tó ní àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Òun nìyí, Ìyá."

Wọ́n tẹ̀ síwájú, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kọ̀ǹpútà. "Níbo ni òkun wà?" Mo fi hàn wọ́n. "Èyí jìnnà sí òkun jù. Kì í ṣe ilé mi."

Ojú tì mí. Mo sọ òótọ́.

"Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi ni wá?"

"Kì í ṣe ènìyàn, Ìyá. Àwòrán láti òkè ni wọ́n fi ṣe é. Abúlé wa kéré jù, kò rí i."

"Kò wá sí ẹni tí mo lè lọ bá?" Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ tí ò ń lò ó ńkọ́?"

Mo ṣèlérí pé mo máa tún un ṣe. Mo mọ̀ pé àtúnṣe yẹn kò lè dá ìgbì kan ṣoṣo padà, ṣùgbọ́n mo ṣèlérí. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Mo padà síbi iṣẹ́, ìjábọ̀ lórí ìlú ńlá ń dúró dè mí, etí òkun wa sì wà ní ìpẹ̀kun àwòrán níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Mo ní màá ṣe é bí òjò bá dáwọ́ dúró. Mo ní bí ọdún bá yí.

Ní ìgbà òjò kejì, òkun kó gbogbo ilé tó kù ní abúlé wa. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé Ìyá àgbà lọ sí ìlú kan lórí ilẹ̀, sínú yàrá kan nínú àgbàlá tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Mo bá wọn lórí ibùsùn, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ jẹun.

"Ilẹ̀ ibí kò mí," ni wọ́n wí. Wọn kò bi mí léèrè nípa igun náà. Ó wù mí kí wọ́n bi mí.

Wọ́n kú kí ọyẹ́ tó dé. A kò lè sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn, nítorí ibẹ̀ kò sí mọ́.

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ṣé òjò máa rọ̀ lọ́la, ahọ́n mi máa ń wúwo. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ìṣọ́ra onímọ̀ ni. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù pé mo lè sọ fún ọmọ ẹlòmíràn pé kó máa lọ. Ìtìjú sì wà lábẹ́ ẹ̀rù náà, nítorí èmi náà ti wà lára àwọn tó kàwé tí wọn kò sọ fún ẹni tó yẹ.

Lóṣù tó kọjá, a ń tún àwòrán ilẹ̀ ṣe nínú kọ̀ǹpútà. Obìnrin kan tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, tó jẹ́ àbúrò fún mi, dé ìpẹ̀kun etí òkun, ó sì pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ ọwọ́ ibí yìí. Ẹ bá mi wo igun yìí, ó dà bíi pé abúlé kan ti wà níbẹ̀ rí. Ṣé kí n sọ ọ́ di ilẹ̀, àbí kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?"

Igun ilé wa ni, èyí tí mo ṣèlérí fún Ìyá àgbà. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, ó ń dúró dè mí.

"Fi í sílẹ̀," mo wí. "Omi ni."