Àmì-Ẹ̀yẹ fún Àwọn Tó Ti Ìgbèkùn Bọ̀

Ọ̀sán Jímọ̀ ni. A ti kírun dé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa ní Gàmbàrí, rédíò ń sọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Abúlé ló ń gbé títí àwọn ajínigbé fi kó òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú oko iṣu lọ́dún tó kọjá. Òun nìkan ló padà. Ó sọ fún wa pé ibà ló pa ọ̀rẹ́ òun nínú igbó, a sì gbà á gbọ́. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ mi ló wà.

Rédíò wá ní àwọn aṣòfin l'Ábújá ti fọwọ́ sí àbádòfin kan: gbogbo ẹni tó bá bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé yóò gba àmì-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè. Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí jẹ. Àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fi dá ọ̀gágun àti mínísítà lọ́lá, fún àgbẹ̀ ilé wa! Mo yíjú sí i kí n kí i kú oríire. Omi ló ń bọ́ lójú rẹ̀. N ò rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí bàbá wa kú.

Ó ní kì í ṣe ibà. Ẹsẹ̀ òun ló wú tí òun ò lè rìn mọ́, àwọn ajínigbé sì fẹ́ pa òun síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ òun bẹ̀rẹ̀, ó pọn òun. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, tó dúró kó mí, wọ́n yìnbọn pa á. Ìró ìbọn yẹn ló gbé òun dìde tí òun fi rìn.

"Ta ni wọ́n wá fẹ́ fún ní àmì-ẹ̀yẹ?" ló bi mí.

Mo dìde, mo pa rédíò.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà, tó ń ránṣọ nítòsí Ọjà-Ọba. Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tó kéré sí i. Obìnrin náà sá sẹ́yìn, ó ní kí ni òun ṣe. Ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Kò pariwo. Ó béèrè pé, "Kí ló sọ nígbà tó pọ̀n yín?"

"Ó ní mo wúwo ju àpò iṣu lọ."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ díẹ̀ kó tó di ẹkún, ó sì fi aṣọ tó ń rán bojú.

Nígbà tó dákẹ́, ó ní bí ìjọba bá pe ẹ̀gbọ́n mi, kó lọ, kó sì dárúkọ ẹni tó pọ̀n ọ́n níwájú gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun àti obìnrin náà ni yóò jọ lọ. A ò tíì gbọ́ pé Ààrẹ ti buwọ́ lu àbádòfin náà.